Ẹran Orí Àpáta Tí Igún Kò Jẹ

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́dẹ. Làmídì, gbé ìbọn rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí o fìdí lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lóròó. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe ìpàdé nínú àgọ́ yìí, kò sí ọ̀sán ìpàdé kan tí ẹ kò ní kí n sọ bí mo ṣe pa ẹfọ̀n lójú omi, tàbí bí mo ṣe bá iwin olórí mẹ́ta jìjàkadì, tí mo sì ní kí orí kan dá ẹjọ́ fún àwọn méjì yòókù. Lónìí ẹ bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ẹ ní kí ló dé tí ojú ọ̀run ìlú wa fi ṣófo, tí ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún láàrin yín kò fi mọ bí igún ṣe rí. Ó dára. Èmi Ọdẹ́jàyí, ọmọ Ọdẹ́rìndé tó fi ọwọ́ òsì mú ìmàdò, èmi tí àǹjọ̀nú ń rí tí wọ́n ń yà fún lọ́nà, èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Mo ní ẹ má pàtẹ́wọ́!

Nígbà èwe mi, igún pọ̀ ní Ìdí-Arère yìí ju adìẹ lọ. Wọn a bà sórí òrùlé ilé ìpẹran, wọn a máa wo àwọn alápatà bí àgbà tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìfun ni, egungun ni, ẹ̀jẹ̀ dídì ni, kò sí èyí tó ń sùn mọ́jú. Kò sì sí ọdẹ tó jẹ́ na ìbọn sí wọn, nítorí a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a ó ní igún kì í kú léwe, ìwọ náà kò ní kú léwe. Bí a bá sì gbé ẹbọ síta, igún là ń wò. Bí ó bá bà lé e tó jẹ ẹ́, ẹbọ fín, ẹbọ dà, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Àìrí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ.

Lọ́dún kan, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń wá orí igún. Ó ní àwọn kan wà níbi tí òun ti wá tí wọ́n ń fi ṣe àwúre. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, o ṣìnà. Èèwọ̀ ọdẹ ni. Ìbọn mi kò gbọdọ̀ kọjú sí igún."

"Bàbá ọlọ́dẹ," ni ó wí, "ta ló ní kí ẹ yìnbọn? Ẹ gbé oúnjẹ fún wọn ni. Ẹni tó bá jẹun tó sì kú, ṣebí ọ̀kánjúwà ara rẹ̀ ló pa á."

Ó fi ìgò kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọn kò tíì bomi là á. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo yí èèwọ̀ náà po bí a ṣe ń yí ihò òkété po, títí mo fi rí ẹnu tí ènìyàn lè gbà jáde. Èèwọ̀ ní kí n má pa igún. Èèwọ̀ kò ní kí n má gbé oúnjẹ síta. Mo pa òbúkọ kan, mo da oògùn sí i, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé ìpẹran, mo sì gba oko lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, igún mẹ́tàlélógójì ló sùn sílẹ̀ káàkiri pẹ̀lú ìyẹ́ nínà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, àwọn tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní fífò. Àwọn tí a ní wọn kì í kú léwe! Mo wo ọwọ́ mi, n kò rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ọdẹ́jàyí, o kò pa ẹnikẹ́ni." Òmùgọ̀ wà láyé, àmọ́ òmùgọ̀ tó gbọ́n ló burú jù.

"Bàbá, ẹ̀yin náà kẹ̀?" Làmídì ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn. Èmi náà ni. Pa ẹnu rẹ dé kí eṣinṣin má kó sí i.

Ọdún mẹ́ta kò tíì pé tí kò fi sí igún kan ṣoṣo mọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà sẹ́yìn ilé ìpẹran. Ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, eṣinṣin ń bo ọbẹ̀ lórí iná, òjò sì ń gbá gbogbo ìdọ̀tí náà lọ sínú odò tí à ń pọn mu. Ìjọba rán aṣọ́gbó kan wá, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé Baálẹ̀ pé ẹni tó bá pa igún yóò fi ẹ̀wọ̀n jura. Òjò já ìwé náà bọ́, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ní gbogbo Ìdí-Arère, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni òfin náà dé ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ wa. A sin mẹ́fà nínú oṣù kan. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìkẹfà ni Àyọ̀ká dùbúlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin mi Ọdẹ́bùnmi bí. Nọ́ọ̀sì fún un ní omi oníyọ̀, ó mu ún, ó pọ̀ ọ́. Ó ń gbẹ lójú wa.

Baálẹ̀ wa nígbà náà, Fátókí, pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "A ó rúbọ fún àwọn ọmọ wa. Àmọ́ bí a bá gbé e kalẹ̀ lónìí, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ọdẹ́jàyí, ìwọ lo mọ igbó jù. Wá ibi tí igún sá sí, kí o bẹ ẹyọ kan ṣoṣo wá fún wa." Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ gan-an ni wọ́n ń rán pé kó lọ tún un ṣe. Ọdẹ́bùnmi sìn mí dé ìpẹ̀kun ìlú pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára."

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tí mo gbà. Ọ̀nà ọdẹ, ẹsẹ̀ ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo kọ́kọ́ dé ni Igbó Ẹnìkan-Ò-Gbá, níbi tí gbogbo ẹran tó kú láti ìgbà tí igún ti lọ dùbúlẹ̀ sí, erin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgalà, ìgalà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtu, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Iwin kan jókòó láàrin wọn, ó sanra débi pé ikùn rẹ̀ ti sin àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olóòórùn ni orúkọ rẹ̀. Mo ti fa àdá yọ, mo ti ń ki ara mi, mo ti ń sọ fún un pé ọmọ Ọdẹ́rìndé ló dé o. Ńṣe ni iwin náà bú sẹ́rìn-ín, ó la apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ọdẹ́jàyí! Ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Wọlé wá kí n dì mọ́ ọ. Nígbà tí igún wà, mo tín-ín-rín bí okùn, n kò rí ibi sùn. Ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ sọ mí di ọba."

Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀gbin lọ. Mo já ewé efínrín, mo fi dí ihò imú mi méjèèjì, mo sì kù gìrì mọ́ ọn. Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni nínú igbó yẹn, mo gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta! Àmọ́ bí ó bá ṣubú lé òkú ẹran kan, ńṣe ló ń dìde pẹ̀lú ikùn tó tún tóbi sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, orí rẹ̀ ga ju igi lọ. A kì í fi ìjàkadì lé òórùn lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo sá gba abẹ́ abíyá rẹ̀ kọjá, ó sì ń ké sí mi lẹ́yìn pé kí n kí àwọn ará ilé fún òun.

Mo gun òkè kan. Lórí rẹ̀ ni ilé Akọ̀wé wà, ọkùnrin gígùn tí ojú wà ní gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìwé ńlá kan ló wà níwájú rẹ̀, orúkọ gbogbo ẹyẹ ayé wà níbẹ̀. Èyí tó bá pọ̀, àwọ̀ ewé ló fi ń kọ ọ́. Èyí tó bá ń dín kù, àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó bá kù díẹ̀ kó tán, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá tán, dúdú, a sì fi ọwọ́ nu omi lójú ìka kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí ojú ewé mìíràn. Mo wo àṣá, mo wo idì, mo wo àwòdì. Gbogbo ẹyẹ tí ń jẹ ẹran ló ń fi àwọ̀ ewé sílẹ̀. Mo wo igún: pupa ni. Kálámù dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ fi àwọ̀ ewé tún orúkọ wọn kọ, kí wọ́n lè padà."

"Ìwọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé oníṣègùn ni mí?" ni ó dáhùn. "Ohun tí ẹ bá ṣe ni mò ń kọ. Ẹ̀yìn ilé mi ni ọ̀nà ìlú wọn. Dá mi lóhùn, kí n ṣílẹ̀kùn: ta ló pa ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ ikú?"

Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi mú. Mo ní, "Ọ̀kánjúwà rẹ̀ ni." Ilẹ̀kùn náà tì gbàgà, mo sì lo ọjọ́ kan gbáko nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kejì mo ní, "Ikú ló pa á." Ilẹ̀kùn tì. Mo tún mú májèlé lórúkọ, mo mú ẹni tó tà á, mo mú ẹni tó fẹ́ rà á. Ilẹ̀kùn kò mira. Ọjọ́ ń lọ, ojú Àyọ̀ká ń wá sí mi lọ́kàn, bí ó ṣe jìn wọ inú agbárí rẹ̀. Nígbà tó yá mo dojú bolẹ̀, mo ní, "Ẹni tó gbé e síwájú rẹ̀ ni. Èmi ni." Ilẹ̀kùn ṣí láìdún. Akọ̀wé kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Báyìí ni mo ṣe dé ìlú àwọn igún. Igi àràbà ni gbogbo àdúgbò rẹ̀, ìtẹ́ sì wà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìtẹ́ tí ojú kò lè kà tán, òfìfo ni gbogbo wọn. Igún mẹ́sàn-án péré ló jókòó sórí igi kan. Mo sunkún, ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Ìyá wọn dàgbà débi pé ìyẹ́ rẹ̀ ti funfun, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Ọdẹ, kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Yèyé, àwọn ọmọ wa ń kú. Àìrí yín, a kò lè rúbọ. Mo wá bẹ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi ni mo gbé òbúkọ yẹn síta. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n."

Yèyé na ọrùn sí mi. Ó ní, "Ọdẹ mọ́kànlá ló ti wá ṣáájú rẹ láti ìlú mọ́kànlá. Gbogbo wọn ní àwọn kò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹyin kan là ń yé lọ́dún, Ọdẹ́jàyí. Kan. Òbúkọ kan ṣoṣo tí o pa, ọ̀pọ̀ ọdún ìbímọ wa ló bá a lọ." Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. "Àbíkẹ́yìn, ìwọ ni kí o tẹ̀ lé e, nítorí ó sọ òtítọ́. Àmọ́ gbọ́, ọdẹ. Nílé yín, bí ẹ bá gbé omi fún àlejò, ta ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀?"

"Ẹni tó gbé e fún un ni, Yèyé. Kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Kí ẹnìkan nínú yín tọ́ ẹran ẹbọ wò níṣojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni. Kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín pa mí! Èmi tí mo rò pé wọn yóò ní kí n fi eyín fa erin wá. Mo búra, mo dúpẹ́, mo sì fò sókè. Gbogbo ọ̀nà padà ni mò ń kọrin, tí òjìji Àbíkẹ́yìn ń bá mi lọ lórí ilẹ̀. Kódà Olóòórùn rí i lókè, ó sì ká ikùn rẹ̀ jọ.

Ìdájí ọjọ́ kẹtàdínlógún la dé. Àyọ̀ká ṣì ń mí. Láàárọ̀ wọ́n tẹ́ ẹran ewúrẹ́ sórí àpáta ìpẹ̀kun ìlú pẹ̀lú epo àti iyọ̀, lọ́sàn-án tọmọdé tàgbà jáde síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn bà sórí igi arère. Ẹ ò gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe kígbe! Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan gbé ọmọ tí kò lè gbé orí rẹ̀ dúró sókè kí ẹyẹ náà lè rí i. Mo sọ ohun tí Yèyé wí fún Baálẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Ìyẹn náà ni? Súlè, ìwọ alápatà lo pa ẹran náà. Tọ́ ọ wò."

Súlè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Baálẹ̀ wa, èmi ni mo pa á, èmi kọ́ ni mo ṣọ́ ọ. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí àpáta. Ta ló mọ ẹni tó kọjá níbẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí ẹnìkan fi sí i?"

Súlè fẹ̀yìn rìn kúrò. Baálẹ̀ pe ẹlòmíràn, ìyẹn ní inú ń run òun. Ó pe ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta bọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì rí i. Èmi nìkan kọ́ ni ọkùnrin alùpùpù náà bá sọ̀rọ̀. Ìgò kékeré yẹn ti wọ ilé méje, ilé mẹ́jọ, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kálukú sì rò pé òun nìkan ló gbọ́n. Ní báyìí, igún kan ṣoṣo ló kù lókè, orí rẹ̀ sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ tà á. Ohun tí kálukú mọ̀ pé òun lè ṣe, ó dá a lójú pé ẹnìkejì òun ti ṣe é. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Baálẹ̀ gan-an, tí à ń sọ fún pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kò sún mọ́ àpáta náà. N kò mọ̀ bóyá ìgò wọ ilé tirẹ̀.

Mo jáde. Ta ni ì bá jáde bí kò ṣe èmi? Mo mú èjìká ẹran kan, mo gbé e dé ẹnu. Mo gbọ́ òórùn epo lára rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi dúró níwájú mi gan-an, Àyọ̀ká wà ní àyà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti bá iwin jà. Ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ yín fi pupa. Ẹran ewúrẹ́ ló borí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí bí àwọn igún yẹn ṣe na ìyẹ́ wọn, bí ìtọ́ funfun ṣe jáde lẹ́nu wọn. Mo tún wo ojú Súlè, ó yí ojú rẹ̀ kúrò. Ẹnu mi kọ̀, kò ṣí. Mo dá ẹran náà padà sórí àpáta.

Ọdẹ́bùnmi na ọwọ́ láti mú un fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin dì í mú. Wọ́n ní bí ìyá bá kú, ta ni yóò tọ́jú ọmọ?

Àbíkẹ́yìn dúró títí oòrùn fi yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Kò bínú, kò ké. Ó na ìyẹ́, ó fò lọ, a sì wò ó títí ó fi kéré ju ìdun lọ, tí kò sì sí mọ́. Àwọn ènìyàn túká láìwo ojú ara wọn.

Èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ojú ara mi tì mí débi pé ikú kò bà mí lẹ́rù mọ́, ni mo bá jókòó ti ẹran náà, mo sì jẹ ẹ́. Mo jẹ èjìká náà tán, mo jẹ itan, mo ń retí kí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò jó. Ẹran dáadáa ni. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Mo dìde, mo ń pariwo sí ojú ọ̀run pé mo ti tọ́ ọ wò o, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o, títí ohùn mi fi pin. Kò sí ẹyẹ kankan lókè.

Àyọ̀ká lo ọjọ́ mẹ́rin sí i. Nígbà tí a sin ín tán, Ọdẹ́bùnmi jókòó tì mí lórí pèpéle. Ó ní, "Bàbá, ẹran ọjọ́ yẹn, ṣé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní n kò mọ̀.